Ohun tí ìwé ọkọ̀ àtijọ́ ń sọ: bí a ṣe ń tọ ipasẹ̀ Peugeot 404

Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ agbo ilé wa, láti Àjàṣẹ́ títí dé Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, òkú ọkọ̀ kan wà lábẹ́ igi tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré. Bí a bá béèrè ẹni tó ni ín, wọn a ní: “Ti Bàbá ni.” Ṣùgbọ́n ọdún wo ni Bàbá rà á? Lọ́wọ́ ta ni? Ọ̀nà wo ni ó gbà dé ìlú? Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa ń dákẹ́ sí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìdáhùn lè wà nínú àpótí kan ní yàrá, lórí ìwé ọkọ̀ tí gbogbo wa mọ̀ sí carte grise.

Peugeot 404 ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ó ṣọ̀wọ́n kí àgbàlagbà kan láàárín wa má mọ̀ ọ́n. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1960 ni Peugeot gbé e jáde ní ilẹ̀ Faransé, oṣù mẹ́ta péré kí Dahomey tó gba òmìnira. Ilé iṣẹ́ Pininfarina ti ilẹ̀ Ítálì ló ya àwòrán ara rẹ̀. Nínú ìdíje Safari ti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, lójú ọ̀nà ẹrẹ̀ àti eruku, ó gba ipò kìíní ní 1963, 1966, 1967 àti 1968. Èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, tí a fi aṣọ nínípọn bò, ni a ń pè ní bâchée: ó gbé ènìyàn, ó gbé àgbàdo, ó gbé epo pupa.

Orúkọ orílẹ̀-èdè

Orí ìwé ni kí á ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Bí a bá rí Afrique Occidentale Française níbẹ̀, ìwé ayé àwọn amúnisìn ni, ọkọ̀ tó ṣáájú 404 ló sì ni ín. République du Dahomey ni orúkọ tó wà láti oṣù Kejìlá ọdún 1958 títí di ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 1975. Lẹ́yìn èyí ni République Populaire du Bénin, títí di 1990 tí ó di République du Bénin. Nítorí náà, bí yíǹkì ọjọ́ tilẹ̀ ti parẹ́, orúkọ yìí yóò sọ sáà tí a kọ ìwé náà fún wa. Kí á wo òǹtẹ̀ pẹ̀lú, nítorí òṣìṣẹ́ lè ṣì máa lo ìwé àtijọ́ tó kù nílẹ̀.

Ọjọ́ méjì tí kì í ṣe ìbejì

Ọjọ́ méjì ló máa ń wà lórí ìwé náà. Èkíní ni ọjọ́ tí ọkọ̀ kọ́kọ́ bọ́ sójú ọ̀nà, date de première mise en circulation. Èkejì ni ọjọ́ tí a kọ ìwé náà fúnra rẹ̀. Ká ní a kọ ìwé ní Kútọnú ní 1971, tí ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ sì jẹ́ 1964, ọkọ̀ náà ti gbé ayé mìíràn fún ọdún méje kí ó tó dé ọ̀dọ̀ Bàbá.

Níbo ló ti wá? Ẹ wo ibi tí a kọ nọ́ńbà àtẹ̀yìnwá sí. Láti 1950 títí di 2009, nọ́ńbà méjì tó gbẹ̀yìn lára àwo ọkọ̀ ilẹ̀ Faransé ń sọ àgbègbè: 75 ni Paris, 13 ni agbègbè Marseille, 33 ni agbègbè Bordeaux. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọwọ́ ọ̀tún ni ìjókòó awakọ̀ wà, ó ṣeé ṣe kí ọkọ̀ náà ti Nàìjíríà wá, nítorí ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà wakọ̀ níbẹ̀ títí di ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972. Ẹ̀yin ará wa ní Togo, ẹ rántí pé 1974 ni Ghana náà tó yí padà.

Nọ́ńbà ara irin

A lè pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, a lè kun ọkọ̀ ní ọ̀dà mìíràn, ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí a tẹ̀ mọ́ ara irin lábẹ́ ìdérí ẹ́ńjìnnì kì í yí padà. Kí á fi í wé èyí tó wà nínú ìwé. Bí wọn kò bá bára mu, ìwé ọkọ̀ mìíràn la dì mú. Bí wọ́n bá bára mu, ẹni tó ni ọkọ̀ lè kọ̀wé sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Peugeot ní Sochaux, kí wọ́n fi àkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́ jẹ́rìí ọdún tí a ṣe é.

Ohun tí ìwé kò sọ

Nígbà tí ènìyàn bá ta ọkọ̀, a máa fa ìlà kọjá lórí ìwé, a ó kọ vendu le, ọjọ́, àti ìfọwọ́síwèé. Báyìí ni orúkọ ń tẹ̀lé orúkọ. Síbẹ̀, orúkọ kì í ṣe owó. Oníṣòwò obìnrin lè fi èrè ọjà rẹ̀ ra bâchée, kí a sì fi orúkọ ọkọ rẹ̀ tàbí ti awakọ̀ kọ ọ́. Ẹ̀yìn ikú ni ọ̀rọ̀ yìí máa ń di ìjà ogún: ìwé wà, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ẹni tó san owó ti lọ. Awakọ̀ tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún ní 1965 ti pé ọgọ́rin ọdún báyìí. Ìwé láìsí ẹnu àgbà, ìdajì ìtàn ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, kí àwọn tó ń ra àlòkù irin tó dé, ẹ ya àwòrán ìwé náà níwájú àti lẹ́yìn, ẹ kọ nọ́ńbà ara irin sílẹ̀, ẹ gbé ìwé náà kúrò níbi tí ikán lè dé, ẹ má sì fi í lé àlejò lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó ti ìyá àti bàbá àgbà, ẹ ka orúkọ inú rẹ̀ sí wọn létí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì gba ohùn wọn sílẹ̀.