Àfàlá, Ìyá Àjàyí: Ìyá Tí Ó Rí Ọmọ Rẹ̀ Lẹ́yìn Ọdún 25

Kò sí ilé tí a ti ń ka Bíbélì ní èdè Yorùbá tí a kò ti mọ orúkọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Ṣùgbọ́n bí a bá bèèrè orúkọ ìyá tí ó bí i, ènìyàn díẹ̀ ni yóò lè dáhùn. Àfàlá ni orúkọ ìyá náà. Ẹ̀mí rẹ̀ gùn, ojú rẹ̀ sì rí nǹkan. Ó yẹ kí àwọn ará Ìgàngàn àti gbogbo Ìbàràpá mọ ìtàn rẹ̀, nítorí pé ilẹ̀ wọn ni ó wà láàárín ibi tí ó ti pàdánù ọmọ rẹ̀ àti ibi tí ó ti rí i. Òṣóògùn wà ní ìhà òkè, ní agbègbè Ìsẹ́yìn; Abẹ́òkúta sì wà ní ìhà ìsàlẹ̀, létí odò Ògùn.

A máa ń tọpa ìdílé Àfàlá dé ọ̀dọ̀ Aláàfin Abíọ́dún. Ahunṣọ ni ọkọ rẹ̀, Òṣóògùn sì ni wọ́n ti ń tọ́ àwọn ọmọ wọn. Ṣùgbọ́n ní àkókò náà, ìjọba Ọ̀yọ́ Ilé ti ń fọ́. Afọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ti ṣọ̀tẹ̀ sí Aláàfin ní Ìlọrin, ó sì ti ké sí àwọn Fúlàní fún ìrànlọ́wọ́. Láti ìgbà náà ni ogun ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìlú kan tẹ̀lé èkejì, tí ọmọ ènìyàn sì di ọjà títà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún 1821, bí a ti ń se oúnjẹ àárọ̀ lọ́wọ́, ariwo ta ní Òṣóògùn pé ogun dé. Àwọn ọkùnrin ìlú jà fún wákàtí mélòó kan, ṣùgbọ́n apá wọn kò ká a. Bàbá Àjàyí sáré wá sí ilé, ó ní kí àwọn ará ilé rẹ̀ sá lọ, ó sì padà sí ojú ìjà. Wọn kò fi ojú kàn án mọ́. Àfàlá kó àwọn ọmọ rẹ̀, ó dorí kọ igbó. Ọmọ-ọwọ́ kan tí kò tíì pé ọdún kan wà lára rẹ̀. Àjàyí, tí ó jẹ́ ọmọdékùnrin, ru ẹrù sí orí. Wọn kò tíì rìn jìnnà tí àwọn ọ̀tá fi bá wọn, tí wọ́n sì fi okùn sí wọn lọ́rùn bí ẹni ń so ewúrẹ́ mọ́ra.

A kó wọn lọ sí Ìsẹ́yìn, níbẹ̀ ni a sì ti pín wọn. Àjàyí àti arábìnrin rẹ̀ kan bọ́ sí ọwọ́ olówó kan, ìyá àti ọmọ-ọwọ́ sì bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. A fi Àjàyí ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin; nígbà tí ó ṣe, wọ́n dá ẹṣin náà padà, wọ́n sì gba ọmọ. Lẹ́yìn èyí ni a mú un lọ sí ìlú Dàda, ibẹ̀ ni ó sì tún ti rí ìyá rẹ̀. Fún nǹkan bí oṣù 3, ọmọ a máa lọ kí ìyá rẹ̀, ìyá a sì máa rí ọmọ rẹ̀. Lójijì ni a tún mú un lọ, wọn kò sì ráyè dágbére fún ara wọn.

Láti ọwọ́ dé ọwọ́ ni a ta Àjàyí títí ó fi dé Èkó, tí a sì fi í sínú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà lójú òkun, a sì kó àwọn ẹrú inú rẹ̀ lọ sí Sàró, ní òmìnira. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ ìwé, tí ó ṣe ìrìbọmi ní ọdún 1825, tí ó sì gbé ìyàwó. Ní ọdún 1843 ni a fi í jẹ àlùfáà.

Àfàlá kò gbọ́ ohun kan nínú gbogbo èyí. Lójú tirẹ̀, ọmọ ti lọ sí ibi tí ẹnìkan kì í ti í bọ̀. Òun náà jẹ ìyà oko ẹrú. A rà á padà, ó tún bọ́ sínú rẹ̀, a sì tún rà á padà. Síbẹ̀, ìyá yìí kò jẹ́ kí ilé rẹ̀ túká pátápátá. Nígbà tí ogun sì ti lé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn wá sí agbègbè Abẹ́òkúta, Àfàlá wà ní ìlú kékeré kan tí à ń pè ní Abáká, nítòsí ibẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì tí a kó pẹ̀lú rẹ̀ ní Òṣóògùn wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì ń tọ́jú àwọn àti àwọn ọmọ wọn. Ẹnìkan ṣoṣo ni ó kù.

Ní ọdún 1846, Àjàyí dé Abẹ́òkúta gẹ́gẹ́ bí míṣọ́nnárì. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún náà, ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wọlé tọ̀ ọ́ wá. Nígbà tí ìyá náà rí i, ara rẹ̀ gbọ̀n. Kò lè gba ojú ara rẹ̀ gbọ́. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn láìsọ̀rọ̀, omijé sì ń ṣàn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá tí ó ti rù. Nígbà tí ẹnu rẹ̀ yóò là, àwọn orúkọ àpọ́nlé tí ìyá àgbà fi ń pe Àjàyí ní kékeré ni ó fi pè é. Ìyá àgbà náà ti kú ní oko ẹrú. Àjàyí kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí rẹ̀ pé ẹsẹ Bíbélì tí ó wà fún ọjọ́ náà nínú àlìmánáákì ni ti Orin Dáfídì ìkẹwàá, níbi tí a ti pe Ọlọ́run ní olùrànlọ́wọ́ aláìní-baba.

Ní ọjọ́ 5 oṣù kejì ọdún 1848, Àfàlá wà lára àwọn àkọ́so ìjọ tí a ṣe ìrìbọmi fún ní Abẹ́òkúta. Ọmọ rẹ̀ ni ó ṣe é fún un, ó sì sọ ọ́ ní Hánà, nítorí Hánà ni ìyá Sámúẹ́lì. Ojú rẹ̀ ni a fi Àjàyí jẹ Bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1864. Ní ọdún kan náà ni Abigail, ọmọ Àjàyí, bí Herbert Macaulay, ẹni tí ó wá di aṣáájú nínú òṣèlú ní Èkó. Nígbà tí Àfàlá kú ní Èkó ní ọdún 1883, ó ti sún mọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ohun kan wà nínú ìtàn yìí tí kò yẹ kí ó fò wá ru. Ogun gba ọkọ Àfàlá, ó gba ilé rẹ̀, ó sì gba ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò lè gba èdè tí ó ti kọ́ ọmọ náà. Ní ọdún 1843, nígbà tí ìyá àti ọmọ kò tíì tún fojú kan ara wọn, Àjàyí ti tẹ ìwé àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde. Lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀ ni ó ti kọ́kọ́ gbọ́ wọn. Ní ọdún 1884, ọdún kan lẹ́yìn ikú Àfàlá, odindi Bíbélì Yorùbá jáde. Ẹni tí ó bá ń ka á ń jẹ nínú iṣẹ́ ọwọ́ ìyá náà.

Bí kò bá ṣe pé Àjàyí kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀, nínú lẹ́tà rẹ̀ ti ọdún 1837 àti nínú ìwé ìrántí rẹ̀, ìtàn Àfàlá ì bá ti bá a wọ ibojì. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìyá àgbà ni ó wà ní abúlé àti ní oko tí ẹnìkan kò tíì bi ní ohun tí ojú wọn rí. Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé, nígbà ọyẹ́, tí iṣẹ́ oko bá dẹwọ́, ẹ jókòó ti ìyá yín ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ bèèrè orúkọ ìyá tí ó bí i, ìlú tí wọ́n ti ṣí wá, ọ̀nà tí wọ́n gbà, àti oríkì tí a fi ń kì í. Ẹ kọ ọ́ sí ojú ìwé tí ó ṣófo lẹ́yìn Bíbélì ilé yín, kí ẹ sì kọ ọjọ́ sí i. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.