Ta Ni Onílẹ̀, Ta Ni Olóko? Epo Rọ̀bì Nàìjíríà àti Àwọn Alágbára Òkèèrè

Láti Dọ́pẹmu títí dé Ìkẹjà àti Agége, ó ṣòro láti rí ilé-iṣẹ́ kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ní epo rọ̀bì nínú. Epo dísù ni ẹ̀rọ amúnáwá ń mu nígbà tí iná bá lọ. Láti inú epo rọ̀bì ni wọ́n ti ń rí ohun tí wọ́n fi ń ṣe ike àti ọ̀rá, àti ọ̀dà tí wọ́n ń dà sí ojú títì. Bí owó dísù bá gbówó lérí, ilé-iṣẹ́ a dín wákàtí iṣẹ́ kù, ẹni tí ń gba owó ojúmọ́ ni yóò sì kọ́kọ́ padà sílé. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ilẹ̀ Nàìjíríà ni epo rọ̀bì ti ń jáde. Báwo ni ẹni tí kànga wà ní àgbàlá rẹ̀ ṣe wá ń ra omi lọ́wọ́ àlejò?

Àṣà ilẹ̀ níní láàrin àwọn Yorùbá lè là á yéni. Nígbà tí àlejò bá wá tọrọ ilẹ̀ láti dáko, onílẹ̀ a yọ̀ǹda fún un, àlejò a sì máa san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún. Ìṣákọ́lẹ̀ náà lè má ju iṣu mélòó kan lọ, ṣùgbọ́n òun ni ẹ̀rí pé ẹni tí ń roko kọ́ ni ó ni ilẹ̀. Ohun mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀: ẹni tí ń fúnni láṣẹ, ẹni tí ń gba ìṣákọ́lẹ̀, àti ẹni tí ń kó èrè oko. Ẹni tí ó bá tọ ipasẹ̀ ohun mẹ́ta wọ̀nyí nínú ìtàn epo rọ̀bì yóò rí bí agbára ṣe ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn.

Ọ̀rọ̀ àṣẹ ni ó ṣáájú. Ní 1908 ni ilé-iṣẹ́ Nigerian Bitumen Corporation bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀ ní agbègbè Aràrọ̀mí, nínú Ìpínlẹ̀ Oǹdó òde òní. Kò rí epo tí ó tó tà kí Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní tó dá iṣẹ́ náà dúró. Ní 1914, ìjọba amúnisìn ṣòfin pé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí ilé-iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ó lè gba ìwé àṣẹ láti wa epo ní Nàìjíríà. Ní ọdún kan náà ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ra ìpín tí ó pọ̀ jù nínú Anglo-Persian, ilé-iṣẹ́ tí ó di BP lẹ́yìn náà, kí àwọn ọkọ̀ ogun ojú omi rẹ̀ má baà ṣaláìní epo. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó ni ẹrú ni ó ni ẹrù. Nígbà tí ó di 1938, Shell D'Arcy, àjọṣe ilé-iṣẹ́ Shell àti ilé-iṣẹ́ kan náà yìí, gba ìwé àṣẹ tí ó kárí gbogbo Nàìjíríà. Ní 1956 ni wọ́n rí epo tí ó tó tà ní Oloibiri, ní 1958 ni ọkọ̀ sì kọ́kọ́ gbé e lọ sí òkè òkun.

Ní 1967, ọ̀rọ̀ ìṣákọ́lẹ̀ di ọ̀rọ̀ ogun. Lẹ́yìn tí Ojukwu kéde Biafra ní ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún, ó ní òun ni kí Shell-BP máa san owó ìṣákọ́lẹ̀ epo Ìlà-Oòrùn fún. Ìjọba Gowon ní Èkó kọ̀ jálẹ̀, nítorí pé ẹni tí ilé-iṣẹ́ náà bá san án fún ni ó ti gbà ní onílẹ̀. Nígbà tí Shell-BP fẹ́ san díẹ̀ fún Biafra, Èkó dí ọ̀nà òkun mọ́ ọkọ̀ epo. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ta ohun ìjà fún ìjọba àpapọ̀. Rọ́ṣíà ta ọkọ̀ òfuurufú ogun fún un. Faransé ran Biafra lọ́wọ́ lábẹ́lẹ̀. Epo nìkan kọ́ ni ó fa ogun náà, ṣùgbọ́n àwọn ìwé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti àkókò náà fi hàn pé ọ̀rọ̀ epo Shell-BP wà lára ohun tí wọ́n gbé yẹ̀wò kí wọ́n tó yan ẹ̀yìn ẹni tí wọn yóò wà.

Kí ogun tó parí ní 1970, òfin epo rọ̀bì ti 1969 ti sọ pé ìjọba àpapọ̀ ni ó ni gbogbo epo inú ilẹ̀. Ní 1971, Nàìjíríà wọ ẹgbẹ́ OPEC, ó sì dá ilé-iṣẹ́ epo tirẹ̀ sílẹ̀, èyí tí ó di NNPC ní 1977. Ìpín ìjọba nínú iṣẹ́ Shell-BP jẹ́ 35 nínú ọgọ́rùn-ún ní 1973, 55 ní 1974, àti 60 ní oṣù Keje 1979. Ní àkókò yìí ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún BP láyè láti ta epo fún Gúúsù Áfíríkà, níbi tí ìjọba aláwọ̀ funfun ti ń tẹ ọmọ onílẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìjọba Obasanjo gba gbogbo ìpín BP, gẹ́lẹ́ bí àwọn olórí Commonwealth ṣe fẹ́ ṣèpàdé ní Lusaka lórí ọ̀rọ̀ Rhodesia. Ìpín Nàìjíríà di 80. Ìpàdé Lusaka sì wà lára ohun tí ó la ọ̀nà fún òmìnira Zimbabwe ní 1980.

Ohun kẹta, èrè oko, ni ó ṣòro jù. Epo rọ̀bì kò wúlò fún ẹ̀rọ àfi bí wọ́n bá fọ̀ ọ́. Nàìjíríà ní ilé ìfọpo ní Port Harcourt láti 1965, ní Warri láti 1978, ní Kàdúná láti 1980, àti èkejì ní Port Harcourt láti 1989. Nígbà tí àìtọ́jú sọ wọ́n di ahẹrẹpẹ, epo rọ̀bì ń lọ sí òkè òkun, bẹntiróòlù àti dísù sì ń fi owó dọ́là padà wá. Bí náírà bá ti wálẹ̀, ilé-iṣẹ́ ní Dọ́pẹmu ni ìyà rẹ̀ ń jẹ. Ní 2024, ilé ìfọpo Dangote ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí, tí wọ́n kọ́ láti máa fọ 650,000 àgbá lójúmọ́, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Síbẹ̀, ní ọdún náà, Amẹ́ríkà ni ó ti ra lára epo rọ̀bì tí ó fọ̀. Ní oṣù Kẹta 2025, Shell parí títa iṣẹ́ rẹ̀ orí ilẹ̀ fún Renaissance, ó sì gbájú mọ́ epo inú ibú òkun.

Ìbéèrè kan kù tí kì í ṣe àlejò ni yóò dáhùn rẹ̀. Epo kò jáde ní Oloibiri mọ́, òfin 1969 kò sì sọ àwọn ará ibẹ̀ di onílẹ̀ epo. Òfin ìpìlẹ̀ 1999 ní kí ìpín 13 nínú ọgọ́rùn-ún, ó kéré tán, padà sí àwọn ìpínlẹ̀ tí epo ti ń jáde. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ẹni tí ó ni epo kò gbọdọ̀ wo àsíá tí ń fẹ́ lórí kànga nìkan. Kí ó béèrè ẹni tí ó fọwọ́ sí ìwé àṣẹ, ẹni tí ń gba ìṣákọ́lẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń fọ epo náà, àti ohun tí apẹja Oloibiri àti òṣìṣẹ́ ojúmọ́ Dọ́pẹmu rí gbà nínú rẹ̀.