Ọmọ ọ̀dọ̀ tó ní ‘ó tó gẹ́ẹ́’

Níbí ní Ìkọ̀lé-Èkìtì, táwọn èèyàn bá fẹ́ yin ọmọ ọ̀dọ̀, wọ́n á ní, “Ọmọ yẹn ní ìfaradà gan-an o!” Èmi náà ti sọ ọ́ rí. Àmọ́ látìgbà tí mo ti wo fíìmù La Noire de…, tí Ousmane Sembène, ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà, gbé jáde lọ́dún 1966, ọ̀rọ̀ yẹn ò wá sẹ́nu mi mọ́.

Diouana kúrò ní Dakar lọ sí Antibes nílẹ̀ Faransé. Ó rò pé ọmọ lòun máa tọ́jú fáwọn òyìnbó tó gbà á síṣẹ́. Ó débẹ̀ tán, òun ló ń dáná, òun ló ń fọṣọ, kò sì ríbi jáde lọ. Ó fara dà á títí. Nígbà tó sú u, ó dá owó wọn padà, ó sì gba ère ìbòjú tó fi ta wọ́n lọ́rẹ. Ó dùn mí pé ó gbẹ̀mí ara rẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ gbé owó náà lọ fún ìyá rẹ̀ ní Dakar, ìyá kọ̀ ọ́.

Àwa ńkọ́? Àwọ̀ wa ò yàtọ̀ sí tọmọ tá a mú wá láti abúlé, síbẹ̀ abọ́ rẹ̀ yàtọ̀, ibùsùn rẹ̀ yàtọ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ ọdún 2015 ò sì fàyè gbà á ká fi ọmọ tí ò tíì pé ọdún 12 ṣe ọmọ ọ̀dọ̀.

Bí a ṣe bí ẹrú la bí ọmọ. Tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ yin ìfaradà ọmọ ọlọ́mọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tó ń fara dà.