Ṣáásì ló ń sáré, kì í ṣe bọ́dì: Ohun tó yẹ kí òbí mọ̀ kó tó ra ọkọ̀ onírìmóòtù

Nígbà kan, agolo mílíìkì àti àtẹ́lẹ̀ sílípáàsì tó ti gbó ni àwọn ọmọdé Lálùpọn àti abúlé tó yí i ká fi ń ṣe ọkọ̀ ìṣeré. Wọ́n á so okùn mọ́ ọn, wọ́n á máa fà á kiri. Lónìí, onírìmóòtù ni ọmọ ń béèrè, owó gidi ló sì ń bá a lọ. Ibi tí ọ̀pọ̀ òbí ti ń ṣìnà ni pé bọ́dì tó ń dán ni wọ́n ń wò.

Àwọn tó wọ bọ́lẹ̀kájà rí mọ ìyàtọ̀. Ṣáásì àti ẹ́ńjìnnì ló wá láti òkè òkun, káfíńtà ilé níbí ló fi pákó kan bọ́dì lé e. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ̀ onírìmóòtù tí wọ́n fi ń díje: ike fẹ́lẹ́ ni bọ́dì rẹ̀, ìṣẹ́jú kan tó láti yọ ọ́ kúrò. Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá.

Irú ṣáásì tó wà

Àkọ́kọ́ ni ṣáásì oníke tó jinú bí ọpọ́n, tí bátìrì àti ẹ́ńjìnnì jókòó sínú rẹ̀. TT-02 tí Tamiya ti Japan ń ṣe wà lára irú yìí. Kò wọ́n bíi ti àwọn adíje ńlá, ó sì dára fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́.

Ìkejì ni pẹlẹbẹ tí wọ́n fi carbon fibre ṣe. Ó sún mọ́lẹ̀ púpọ̀, orí ọ̀dà tó tẹ́jú tàbí kápẹ́ẹ̀tì ló ti ń sáré. Òkúta wẹ́wẹ́ lè bà á jẹ́ kíá.

Ìkẹta ni ti buggy: ó ga nílẹ̀, ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ gùn, táyà rẹ̀ ní ṣóńṣó-ṣóńṣó. Òun ló bá ilẹ̀ pupa mu, níbi tí òjò ti gbẹ́ kòtò sílẹ̀.

Ìkẹrin rí bí àkàbà, bíi ti tírélà. Kì í sáré, orí àpáta ló ti ń gun òkè díẹ̀díẹ̀.

Kí ni wọ́n ń pè ní kíláàsì?

Bí wọn kì í ti í da abẹ̀ṣẹ́ ńlá pọ̀ mọ́ kékeré, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í da ọkọ̀ pọ̀ lórí pápá. Ìwọ̀n ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. 1:10 túmọ̀ sí pé bí wọ́n bá to 10 irú rẹ̀ tẹ̀lé ara wọn, gígùn wọn á bá ti ojúlówó ọkọ̀ dọ́gba. Ọdún 1985 ni àjọ IFMAR ṣe ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ fún ọkọ̀ 1:10 orí iyẹ̀pẹ̀, ní California, Amẹ́ríkà.

Lẹ́yìn náà ni òṣùwọ̀n. Òfin ROAR ti Amẹ́ríkà fi gírámù 1,499 ṣe ìwọ̀n tó kéré jù fún buggy tí táyà 2 ń fà, àti 1,588 fún èyí tí táyà 4 ń fà. Ọkọ̀ tó bá fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ kò yege.

Ẹ́ńjìnnì ló kù. Bí wáyà inú rẹ̀ bá ṣe yí po níwọ̀nba tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń yára tó. Kíláàsì stock sábà máa ń fi í sí 17.5, modified kò há a mọ́ bẹ́ẹ̀. Fún buggy 1:8 tó ń lo epo, ẹ́ńjìnnì kò gbọ́dọ̀ ju 3.5 cc lọ, táńkì kò sì gbọ́dọ̀ ju 125 cc.

Ìdí òfin yìí ò pọ̀: kí ọmọ olówó má baà fi owó gba ipò kìíní lójoojúmọ́. Ọwọ́ tó mọ rìmóòtù lò ni kó borí.

Nítorí náà, kí òbí tó sanwó, ìbéèrè 3 ló yẹ kó bi ẹni tó ń tajà: ilẹ̀ wo ló wà fún? Kíláàsì wo ló bọ́ sí? Ṣé a máa rí pátì rẹ̀ rà bí apá kan bá kán? Bí ẹni tó ń tajà ò bá lè dáhùn èyí tó kẹ́yìn, ohun ìṣeré ọjọ́ díẹ̀ ló ń tà, bó ti wù kí bọ́dì rẹ̀ dán tó.