Àpò Wo Ni Ká Di Ìwé Ìpàdé Wa Sí?

A ti ń tẹ ìwé ìpàdé wa tó ń gbó lọ sínú kọ̀ǹpútà. Irú àpò wo ni ká dì í sí: ZIP, RAR tàbí 7z?

Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Bí “Alága” bá hàn nígbà ọgọ́rùn-ún, ètò náà yóò kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, yóò sì fi àmì kékeré dípò ìyókù. Bí a bá tú u, ohun gbogbo á pé. Fọ́tò JPEG kì í fi bẹ́ẹ̀ dín, nítorí a ti fún un pọ̀ tẹ́lẹ̀.

Phil Katz ará Amẹ́ríkà ló gbé ZIP jáde ní 1989, ó sì fi ìlànà rẹ̀ han gbogbo ayé. Ètò tó ń di RAR, tó jáde ní 1993, olówó ni. 7-Zip tí Igor Pavlov ará Rọ́ṣíà gbé jáde ní 1999, ọ̀fẹ́ ni, àpò 7z rẹ̀ sì sábà máa ń kéré ju ti ZIP lọ. Òun ni mo ń lò bí mo bá ń fi fáìlì ńlá ránṣẹ́ (dátà wọ́n!).

Síbẹ̀, ZIP ni mo fara mọ́ fún ìwé ẹgbẹ́. Láti ìgbà Windows XP ní 2001 ni kọ̀ǹpútà ti ń ṣí i láìwá ètò mìíràn, àwọn ọmọ wa ni yóò sì ṣí i lọ́la. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé tí akọ̀wé nìkan mọ̀ tì í o! Kí ẹ̀dà kan wà ní Zaria, kí òmíràn wà ní ìlú mìíràn.