Olórin Kakuri

Ọkọ̀ ojú irin láti Àbújá kì í wọ àárín ìlú Kàdúná. Rigasa ló ń já èrò sí. Láti ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 2022 tí àwọn agbébọn ti kọlù ú, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá wọn lójú ọ̀nà. Ìdí nìyẹn tí agbo orin tí mo lọ wò ní Barnawa fi jẹ́ ti ọ̀sán. Mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, a sọdá afárá odò Kàdúná. Láti ìgbà rògbòdìyàn ọdún 2000, odò yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ààlà: Mùsùlùmí pọ̀ ní àríwá rẹ̀, Kìrìsìtẹ́nì pọ̀ ní gúúsù.

Gbọ̀ngàn náà kò tóbi. Àga oníke, ooru, ọmọ kan tó ń ta kúnú tútù kiri láàárín èrò. Àwọn méjì tó kọ́kọ́ jáde kàn ń jó tẹ̀ lé orin tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ni, sípíkà ń bú ramúramù, n kò sì gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí.

Lẹ́yìn wọn ni ọmọbìnrin kan láti àdúgbò Kakuri gbé gìtá jáde. Ó kọ́kọ́ ní kí ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ dín ariwo kù ná. Etí àǹkárá àtijọ́ ló fi gbé gìtá náà kọ́rùn, lẹ́tà tí ilé iṣẹ́ tẹ̀ sí i ṣì hàn fírífírí. Ó fi ìka gbá ikùn gìtá: gbà-gbà-kó, gbà-gbà-kó. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin ní Haúsá, nípa bàbá kan tó ń gbé abọ́ oúnjẹ jáde ní ìdájí bí fèrè ilé iṣẹ́ bá ti dún. Nígbà tó dé ibi tí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ ti dákẹ́ nínú orin náà, Yorùbá ló yí sí, Yorùbá Ọ̀fà tí bàbá yẹn fi ń dá sọ̀rọ̀ ní yàrá. Kò fọwọ́ kan gìtá mọ́.

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹ̀rọ wa ṣe ń ké," ni bàbá tó jókòó tì mí wí. Kaduna Textiles ló ti ṣiṣẹ́, ilé iṣẹ́ ahunṣọ tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1957, tó sì kógbá sílé ní 2002. UNTL, ilé iṣẹ́ ahunṣọ mìíràn, náà tilẹ̀kùn ní 2007. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn, ọmọ Yorùbá kò sì gbẹ́yìn níbẹ̀.

Orin kejì, ti ìfẹ́, kò kọjá ohun tí gbogbo ayé ń kọ, ohùn rẹ̀ sì ń já bó bá gòkè. Ṣùgbọ́n ẹni tó lè ṣe ti àkọ́kọ́ yẹn kì í ṣe olórin kékeré. Dan Maraya Jos, olórin Haúsá tó kú ní 2015, fi kuntigi olókùn kan ṣoṣo kọrin nípa ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀. Barmani Choge ará Funtua kọ tirẹ̀ nídìí igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé omi. Ọ̀nà wọn lọmọ yìí ń tọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gìtá ló gbé.

Mo bá a lẹ́yìn ìtàgé. "O kú iṣẹ́ o. Ta ló bá ọ kọ ọ́?"

Ó kúnlẹ̀. "Èmi náà ni, mà. Bàbá mi ló máa ń sọ ọ́, èmi kàn fi ohùn sí i ni."

Kò tíì ní àwo kankan níta. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní Kàdúná, tí ẹ ń náwó gbé olórin wá láti Èkó, ọmọ yín wà ní Kakuri. Ẹ pè é, kí ẹ sì sanwó fún un.