Pọ́ǹpù Kan Tàbí Méjì? Àlàyé Lórí Omi Tí Wọ́n Fi Ń Tu Kọ̀ǹpútà Lára



Bí ọmọ yín bá sọ fún yín pé òun fẹ́ da omi sínú kọ̀ǹpútà, ó ṣeé ṣe kí ẹ kọ́kọ́ rò pé orí ọmọ náà ti dàrú. Láti ìgbà tí kọ̀ǹpútà ti wọ ilé wa ni a ti ń kìlọ̀ fún àwọn ọmọdé pé kí wọ́n má gbé ife omi sún mọ́ ọn. Síbẹ̀ òótọ́ ni: omi wà tí wọ́n fi ń tu kọ̀ǹpútà lára, kì í sì í ṣe ohun tuntun. Láti àwọn ọdún 1960 ni ilé-iṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà ti ń lo omi fún àwọn kọ̀ǹpútà ńláńlá rẹ̀. Ní 2004, Apple náà gbé Power Mac G5 kan jáde tí omi ń yí po nínú rẹ̀. Lónìí, ẹnikẹ́ni tó bá lówó lọ́wọ́ lè ra pọ́ǹpù, họ́ọ̀sì àti rẹdiétọ̀ kékeré kí ó sì tò wọ́n fúnra rẹ̀.

Ooru ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kàn wá. Ẹni tó bá ń gbé Elegbeka, tàbí ibikíbi láàárín Ọ̀wọ̀ àti Ìfọ́n, mọ bí ọ̀sán oṣù kejì àti ìkẹta ọdún ṣe máa ń rí. Àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń gé fídíò yìgì àti wòlímọ̀, àwọn tó ń ya àwòrán pátákó ìpolówó, àti àwọn ọmọ wa tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Rufus Giwa Polytechnic tàbí Achievers University l'Ọ́wọ̀, inú ooru yẹn ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń lò kì í ṣe ohun tí bàbá tàbí ìyá lè tún rà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ bí ó bá bàjẹ́. Nítorí náà, kí ẹ tó yọwó, ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí wọ́n ń bá yín sọ.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń ṣe iṣẹ́ tó wúwo, ọpọlọ rẹ̀, ìyẹn CPU, máa ń gbóná gan-an. Bí ooru yẹn bá ti ń sún mọ́ dígírì 95 sí 100, ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ á dín eré kù kí ó má baà jóná. Ìdí nìyẹn tí fídíò tó yẹ kó jáde ní wákàtí kan fi lè gba wákàtí kan àbọ̀ lọ́sàn-án, tí kò sì ní gbà tó bẹ́ẹ̀ ní ìdájí. Fáànù ni ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà fi ń lé ooru yìí lọ. Omi ni ọ̀nà kejì, nítorí pé bí a bá bu omi àti afẹ́fẹ́ ní ìwọ̀n kan náà, omi lè gbé ooru tó ju ti afẹ́fẹ́ lọ ní ìlọ́po tó lé ní 3,000.

Ẹ ronú nípa rẹdiétọ̀ mọ́tò. Omi ń gba ara ẹ́ńjìnnì kọjá, ó ń gba ooru rẹ̀, ó ń lọ sí rẹdiétọ̀ níwájú, fáànù ń fẹ́ ooru náà dànù, omi á sì padà. Bí ti kọ̀ǹpútà ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Wọ́n á gbé ègé bàbà kan tó ní ojú ọ̀nà tínínní nínú lé orí CPU. Omi á gba inú rẹ̀ kọjá, họ́ọ̀sì á gbé e lọ sí rẹdiétọ̀, pọ́ǹpù á máa tì í, táńkì kékeré kan á sì wà tí wọ́n ń gbà da omi sí i. A gbọ́ pé àwọn kan ń bèèrè bóyá ó di dandan kí pọ́ǹpù wà. Ó ṣeé ṣe kí omi yí po láìsí i, nítorí omi gbígbóná máa ń gòkè, èyí tó tutù á sì sọ̀ kalẹ̀. Mọ́tò Ford Model T ayé àtijọ́ ṣe bẹ́ẹ̀: àwọn 2,500 àkọ́kọ́ nìkan ló ní pọ́ǹpù omi, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò nínú àwọn tó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà omi inú kọ̀ǹpútà há ju ti mọ́tò lọ, pọ́ǹpù kò ṣeé yọ kúrò níbẹ̀.

Ibi tí àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀ ni bí wọ́n ṣe máa tò wọ́n tẹ̀ léra.

Ìjà àkọ́kọ́ ni pé kí ni omi yóò kọ́kọ́ kàn. Àwọn kan ní dandan ni kí omi ti inú rẹdiétọ̀ bọ́ sórí CPU tààrà, kí ó lè tutù nígbà tó bá dé ibẹ̀. Wọ́n ní bí ó bá kọ́kọ́ gba ara káàdì tó ń gbé àwòrán jáde, ìyẹn GPU, omi gbígbóná ni yóò kan CPU. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí omi lítà 4 bá ń kọjá ní ìṣẹ́jú kan, tí káàdì náà sì ń da ooru wáàtì 300 sínú rẹ̀, omi yẹn kò ní gbóná ju dígírì kan àti díẹ̀ lọ nígbà tó bá fi máa jáde. Dígírì kan péré! Omi ń yí po léraléra débi pé gbogbo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbóná bákan náà. Ẹ tò ó bó bá ṣe rọ họ́ọ̀sì lọ́rùn, kí họ́ọ̀sì má gùn jù, kí ó má sì ká kọ́rọ́.

Ohun kan ṣoṣo ni kò gba àríyànjiyàn: táńkì gbọ́dọ̀ wà ṣáájú pọ́ǹpù, kí ó sì ga jù ú lọ tàbí kí wọ́n dọ́gba. Irú pọ́ǹpù yìí kò lè fa omi láti ìsàlẹ̀ bí afẹ́fẹ́ bá wà nínú rẹ̀. Omi ni ó gbọ́dọ̀ wá bá a. Omi yẹn kan náà ló ń ṣe bí òróró fún ohun tó ń yí nínú rẹ̀. Bí ẹ bá tan án láìsí omi, àní fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó lè bàjẹ́ pátápátá.

Ìjà kejì ló gbóná jù, òun náà ló sì ń náni lówó jù: ṣé pọ́ǹpù kan tó, àbí méjì? Ọ̀pọ̀ nínú wa ti mọ pọ́ǹpù sumo tó ń fa omi kànga ẹ̀rọ lọ sórí táńkì tí a fi ń ṣe àlùwàlá ní mọ́ṣáláṣí. Iṣẹ́ ńlá ni sumo ń ṣe, nítorí ó ń gbé omi gòkè láti inú ilẹ̀ jíjìn. Ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn ènìyàn rò pé bí kọ̀ǹpútà bá ga, tí rẹdiétọ̀ sì wà lókè, pọ́ǹpù alágbára ni yóò gbé omi débẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Omi kànga kì í padà sínú kànga, ṣùgbọ́n omi inú kọ̀ǹpútà wà nínú ọ̀nà tó yí po tó sì kún dẹ́nu. Bí èyí tó wà ní apá kan ṣe ń gòkè ni èyí tó wà ní apá kejì ń sọ̀ kalẹ̀, tí wọ́n sì ń bá ara wọn gbé ẹrù náà. Kìkì ìgbà tí ẹ bá ń kọ́kọ́ da omi sí i ni gíga ní ìtumọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, híhá ojú ọ̀nà nìkan ni pọ́ǹpù ń bá jà.

Èyí jẹ́ ká mọ ìdí tí àwọn pọ́ǹpù méjì tó gbajúmọ̀ jù fi yàtọ̀ síra. D5 àti DDC ni orúkọ wọn, ilé-iṣẹ́ Laing ti Jámánì ló kọ́kọ́ ṣe méjèèjì. D5 tóbi, ariwo rẹ̀ kéré, omi púpọ̀ ló ń tì: lítà 1,500 ní wákàtí kan bí nǹkan kan kò bá dí i lọ́nà. DDC kéré, ó máa ń gbóná jù D5 lọ, ṣùgbọ́n ó lágbára láti ti omi gba ibi tó há. Fún CPU kan àti káàdì kan, èyíkéyìí nínú wọn tó.

Bí ẹnìkan bá wá tẹnu mọ́ ọn pé méjì ni òun fẹ́, ọ̀nà méjì ló lè gbà tò wọ́n. Bí ọ̀kan bá ń ti omi sínú ìkejì, agbára wọn á pa pọ̀. Bí wọ́n bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí kálukú ń ti tirẹ̀, omi tó lè kọjá ló ń pọ̀ sí i, agbára kò yí padà. Kọ̀ǹpútà jẹ́ ibi híhá, nítorí náà ọ̀nà àkọ́kọ́ ló dára jù, pàápàá torí pé bí ọ̀kan bá kú, omi ṣì lè gba inú rẹ̀ kọjá. Ní ọ̀nà kejì, bí ọ̀kan bá kú, omi tí èyí tó wà láàyè ń tì lè gba inú òkú pọ́ǹpù padà sẹ́yìn, kí ó máa yí po láàárín àwọn méjèèjì láìdé ọ̀dọ̀ CPU. Ẹ kò ní mọ̀, àfi ìgbà tí kọ̀ǹpútà bá kú mọ́ yín lọ́wọ́.

Àwọn kan tún ń sọ pé bí omi bá sáré jù, kì í ráyè gba ooru. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń fi korobá kékeré pọn omi, tó sì ń sáré lọ sáré bọ̀, lè kún agbada kí ẹni tó ń rọra gbé korobá ńlá tó dé. Omi tó sáré kò gba ooru púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ padà wá gba òmíràn. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé lẹ́yìn nǹkan bíi lítà 4 ní ìṣẹ́jú kan, èrè tó wà nínú kí omi sáré sí i kò tó nǹkan. Owó tí ẹ fẹ́ fi ra pọ́ǹpù kejì, ẹ fi ra rẹdiétọ̀ tó tóbi sí i. Ibẹ̀ ni ooru ti ń jáde.

Ibí yìí ni a fẹ́ kí gbogbo òbí ti tẹ́tí sí wa. Omi kò lè mú kọ̀ǹpútà tutù ju yàrá tó wà lọ. Rẹdiétọ̀ kì í ṣe ẹ̀rọ amúlétutù. Ó kàn ń gbé ooru láti inú kọ̀ǹpútà sínú yàrá ni. Bí yàrá bá wà ní dígírì 35, tí fèrèsé sì tì, omi náà yóò gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ, kódà bí pọ́ǹpù bá jẹ́ mẹ́wàá. Àwọn tó ń ta ohun èlò yìí kì í sábà bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láti ibẹ̀. Ọmọ tó bá gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ kúrò lẹ́bàá ògiri tí oòrùn ń pa, tó ṣí fèrèsé, tó sì gbọn eruku inú fáànù dànù, lè rí ìrànlọ́wọ́ tó pọ̀ láìná kọ́bọ̀.

Nípa omi fúnra rẹ̀, ẹ má ṣe lo omi kànga, ẹ má sì ṣe lo pure water inú ọ̀rá. Èròjà ilẹ̀ wà nínú wọn tó máa ń di ìpẹ́pẹ́, irú èyí tí ẹ ń rí nínú kẹ́tù tí ẹ fi ń se omi tíì, wọ́n á sì dí ojú ọ̀nà tínínní inú bàbà yẹn. Omi tí wọ́n sè, tí wọ́n sì gba oruku rẹ̀ padà di omi, ni a ń wá, pẹ̀lú oògùn tí kì í jẹ́ kí èwe hù nínú rẹ̀. Wọ́n máa ń tà á fún bátìrì, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o: ásíìdì bátìrì wà lórí àtẹ kan náà. Ẹ má sì po bàbà àti alumíníọ̀mù pọ̀ nínú ọ̀nà omi kan. Bàbà yóò jẹ́ kí alumíníọ̀mù jẹ títí yóò fi lu, rẹdiétọ̀ olówó pọ́ọ́kú sì sábà máa ń jẹ́ alumíníọ̀mù.

Ọ̀nà kan tún wà tí kò ní wàhálà tó bẹ́ẹ̀: èyí tí wọ́n ti tò tán, tí wọ́n sì ti dí pa láti ilé-iṣẹ́. Pọ́ǹpù rẹ̀ sábà máa ń wà lórí CPU gan-an. Ẹ má ṣe jẹ́ kí pọ́ǹpù yẹn jẹ́ ohun tó ga jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó wà nínú omi yóò lọ kó jọ sókè, ibẹ̀ náà ni kò yẹ kó wà. Orí rẹdiétọ̀ ló yẹ kó ga jù. Omi inú rẹ̀ ń dín kù díẹ̀díẹ̀ láti ara họ́ọ̀sì lọ́dọọdún, bí pọ́ǹpù bá sì kú, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n máa ń pààrọ̀.

Ní tiwa, ìdílé tó bá ń ra kọ̀ǹpútà fún ọmọ ilé-ìwé, fáànù ńlá tó dára ti tó. Bí fáànù bá kú, ẹ lè rí òmíràn rà l'Ọ́wọ̀ tàbí l'Ákùúrẹ́. Bí pọ́ǹpù omi bá kú, ẹ ó máa retí ẹrù láti Èkó, kọ̀ǹpútà á sì jókòó. Ẹni tó ń fi fídíò gígé jẹun lójoojúmọ́, tó sì ní kọ̀ǹpútà tó lágbára gidi, ni omi lè wúlò fún. Ọ̀rọ̀ iná tó ń lọ tó ń bọ̀ kò ba nǹkan jẹ́ níbí, nítorí bí iná bá lọ, kọ̀ǹpútà àti pọ́ǹpù á jọ kú pọ̀ ni. Pọ́ǹpù kò sì jẹ iná púpọ̀, nǹkan bíi wáàtì 20. Ṣùgbọ́n kí ó rí i dájú pé okùn tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mọ̀ pé pọ́ǹpù ń yí wà ní ipò rẹ̀, kí kọ̀ǹpútà lè pa ara rẹ̀ bí pọ́ǹpù bá dúró.

Ẹni tó bá fẹ́ tò ó fúnra rẹ̀, kí ó má tan kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ tó bá parí rẹ̀. Pọ́ǹpù nìkan ni kí ó tàn, kí ó tẹ́ bébà ìnujú funfun sí abẹ́ gbogbo oríkèé họ́ọ̀sì, kí ó sì jẹ́ kí omi yí po fún odindi wákàtí 24. Bí bébà bá tutù níbì kan, kí ó tún ibẹ̀ dè, kí ó sì tún bẹ̀rẹ̀ wákàtí 24 mìíràn. Bí ọyẹ́ bá sì dé, kí ó máa fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku kúrò lára rẹdiétọ̀ lọ́sẹ̀ méjì méjì.